Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀ṣọ́ Orin Píánò

Ìbéèrè kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn tí ń gba ẹ̀gbẹ́ yàrá orin wa kọjá. Wọn a máa wí pé, "Kí ni ẹ̀ ń wá nínú ohùn méjì péré tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí a ti jáde ní kíláàsì títí agogo àdúrà alẹ́ yóò fi dún?" Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kì yóò gbọ́ orin kankan. Kìkì là sò, là sò, là sò ni yóò máa gbọ́, bí ẹni pé ẹyẹ kan há sínú àpótí tí kò sì rí ọ̀nà jáde.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti dá ẹjọ́ náà tán kí wọ́n tó bi wá. Wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ kò ju ẹ̀ṣọ́ lọ, pé ẹni tí ó bá ti mọ ara orin ti mọ orin tán. Wọ́n ní ọwọ́ tí ó ti mọ ọkọ́ dì mú kò tún lè di ọwọ́ olórin. Wọ́n sì ní ìgbà díẹ̀ ni ó kù kí a jáde lọ máa kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko, níbi tí ojú wa kò ti ní í rí píánò. Kí ni a ó wá fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹjọ́ mẹ́ta nìyí. Àwa tí à ń kọ́ píánò sì ti gbìmọ̀ pọ̀ láti dá a lóhùn nínú ìwé-ìròyìn wa yìí, kì í ṣe láti gbèjà ara wa nìkan, bí kò ṣe nítorí pé nínú ìdáhùn náà ni a ti rí ohun kan tí ó kan gbogbo ẹni tí yóò di olùkọ́.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀ṣọ́ orin jẹ́. Bí a bá ṣí ìwé orin àtijọ́, a ó rí i pé lókè àwọn nóòtì kan ni a kọ àmì wíwẹ́wẹ́ sí. Òmíràn dàbí omi tí atẹ́gùn fẹ́ tí ó ń ru díẹ̀. Òmíràn dàbí ejò kékeré tí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Òmíràn sì jẹ́ nóòtì kíkéré tí ó fara ti nóòtì ńlá, bí ọmọ ti í fara ti ìyá rẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ fún olórin pé kí ó má ṣe tẹ nóòtì náà lásán, ṣùgbọ́n kí ó mú ohùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ní kíá, ní ìwọ̀n, kí ó sì padà sí ibi tí ó yẹ. Nígbà púpọ̀, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí kíkéré àwọn àmì náà tàn yín jẹ. Àwọn àgbà wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé nínú èdè wa, àmì kékeré kan ni ó ya ọkọ tí í ṣe olórí ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí ń rìn lórí omi, tí ó sì ya àwọn méjèèjì kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè? Bí akọ̀wé bá gbàgbé àmì náà, ìyá àgbà lè gbọ́ pé ọkọ ọmọ òun rì sínú òkun, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkọ́ ni ó bọ́ sódò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹ̀ṣọ́ orin. Àmì tí ó dàbí omi rírú ń pàṣẹ pé kí ohùn gbọ̀n lọ sí òkè. Bí a bá sì fa ìlà kékeré kan gba àárín àmì kan náà kọjá, àṣẹ náà yí padà, ìsàlẹ̀ ni ohùn yóò lọ. Ìlà kan ṣoṣo, tí kò gùn ju ẹsẹ̀ èèrà lọ, ni ó sọ òkè di ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti tún àròkọ rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àmì ohùn yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun asán ni a jókòó tì.

Àwọn tí ó kọ orin wọ̀nyí pàápàá kò ka àmì náà sí àfikún lásán. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1720, Johann Sebastian Bach, olórin ńlá ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ìwé orin kékeré kan fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Wilhelm Friedemann, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà náà. Kí ó tó kọ orin kankan sínú rẹ̀, ó kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn nóòtì. Lẹ́yìn èyí ni ó ya àtẹ kan tí ó ní àmì ẹ̀ṣọ́ 13, ó sì kọ bí a ó ti tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kíkún sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àtẹ yìí ni orin àkọ́kọ́ tó wá, èyí tí ó pè ní Applicatio, tí ó sì fi iye sí lórí nóòtì rẹ̀ kí ọmọ náà lè mọ ìka tí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ kíyè sí bí bàbá náà ti tò ó: ABD ni ó ṣáájú, àmì tẹ̀lé e, orin sì wá lẹ́yìn. Kò dúró títí ọmọ rẹ̀ yóò fi di ọ̀gá kí ó tó sọ ti ẹ̀ṣọ́ fún un.

Ní ilẹ̀ Faransé, François Couperin ti fi irú àtẹ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé orin rẹ̀ kìn-ín-ní ní ọdún 1713. Nígbà tí ìwé rẹ̀ kẹta jáde ní ọdún 1722, ó fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ hàn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, pé òun ti ṣe làálàá láti kọ àwọn àmì náà, síbẹ̀ òun ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń tẹ orin òun láìkà wọ́n sí. Ó ní kí a máa tẹ̀ ẹ́ bí òun ti kọ ọ́ gan-an, kí a má fi kún un, kí a má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ìdáhùn ẹjọ́ kìn-ín-ní ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ni ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Bí òun bá sì wí pé àmì wà lára ọ̀rọ̀ òun, ta ni àwa tí a ó máa pè é ní aṣọ àwọ̀lékè?

Ìdí pàtàkì wà tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun-èlò tí ó gbòde ní ìgbà ayé wọn ni harpsichord, tí ó jọ píánò ní ojú, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ yàtọ̀. Nínú píánò, òòlù kékeré ni ó ń lu wáyà. Bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́, ohùn jẹ́jẹ́ ni a ó gbọ́, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ gidigidi, ohùn rẹ̀ a ròkè. Bartolomeo Cristofori, ará Ítálì, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Florence ní nǹkan bí ọdún 1700, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tàn káàkiri. Nínú harpsichord, ṣóńṣó kékeré tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe ni ó ń já wáyà náà, bí ènìyàn ti ń fi ìka já okùn. Bí a tilẹ̀ fi gbogbo agbára wa tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú. Báwo ni olórin yóò ti wá fi hàn pé ohùn kan ṣe pàtàkì ju ẹlòmíràn lọ? Kò lè pariwo. Nítorí náà ó mú kí ohùn náà gbọ̀n, tàbí kí ó fara ti èkejì rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni ó fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ọmọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Onídùndún kì í kàn fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ ìyáàlù kí ó sì dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kejì a máa fún osán, ohùn ìlù a sì máa yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó ń fi í sọ kò dúró lójú kan. Píánò kò ní osán. Eyín kan ni ó wà fún ohùn kan, èyíinì ni àwọn pákó funfun àti dúdú tí à ń tẹ̀, kò sì sí ohunkóhun láàárín eyín kan àti èyí tí ó kángun sí i. Bí píánò bá fẹ́ yọ́ láti inú ohùn kan bọ́ sínú òmíràn, àfi kí ìka méjì jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, kánkán tó bẹ́ẹ̀ tí etí yóò fi gbà pé ohùn náà yọ́ ní tòótọ́.

Irú ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ni a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wa, a ó sì fi sò ṣe àpẹẹrẹ gbogbo wọn. Ìkínní ni èyí tí àwọn ará Ítálì ń pè ní appoggiatura, láti inú ọ̀rọ̀ wọn tí ó túmọ̀ sí fífara ti nǹkan. Ìfaratì ni àwa ń pè é. Bí sò bá jẹ́ ohùn tí a kọ, là ni yóò kọ́kọ́ dún ní ibi tí ìlù bọ́ sí gan-an, sò yóò sì tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Àwọn ìwé ìgbà náà kọ́ni pé là yóò gba ìdajì àkókò tí ó jẹ́ ti sò. Bí sò bá sì jẹ́ ti ìlù mẹ́ta, là yóò gba méjì, yóò sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un. Ẹ wo ohun ìyanu, àlejò gba ju onílé lọ! Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Là kò bá àwọn ohùn ọwọ́ òsì rẹ́ dáadáa. Ó ń kan etí díẹ̀, ọkàn sì ń retí pé kí ó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó bá sọ̀kalẹ̀ tán, a dàbí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kúrò lórí.

Èkejì ni mordent, orúkọ tí ó ti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí gígé nǹkan jẹ wá. Ìgéjẹ ni tiwa. Sò, fà, sò ni: ìka kan ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà, bí eyín ti ń kan obì. Ó kúrú jù lọ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó fi ìwà olórin hàn, nítorí ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò tẹ fà tó bẹ́ẹ̀ tí sò kò fi ní í rí àyè jókòó.

Ẹ̀kẹta ni trill, èyí tí à ń pè ní ìgbọ̀n. Là sò, là sò, là sò ni yóò máa gbọ̀n títí àkókò nóòtì náà yóò fi pé. Ìparí gbólóhùn orin ni a ti sábà máa ń bá a pàdé, níbi tí orin ti fẹ́ wọlé ṣùgbọ́n tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àtẹ Bach ti fi hàn, ohùn òkè ni ó ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a kọ. Ẹ̀kẹrin sì ni ìyípo, tí àmì rẹ̀ dàbí ejò: là, sò, fà, sò. Ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, kí ó tó jókòó.

Níhìn-ín ni olùkọ́ orin wa ti kìlọ̀ fún wa pé àmì kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1828, Johann Nepomuk Hummel kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́ píánò rẹ̀ pé ohùn tí a kọ gan-an ni ó yẹ kí ìgbọ̀n máa fi bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí ti ayé Bach. Nítorí náà, kí ọwọ́ wa tó kan eyín, a ní láti bi ara wa pé: ta ni ó kọ orin yìí, ọdún wo ni ó sì kọ ọ́? Èyí kò ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ẹ̀gbá ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́ ní láti mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kí ó tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Ó kù kí a sọ bí a ti ń kọ́ ọ, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Píánò kan ṣoṣo ni ó wà fún àwa 9, ìdajì wákàtí sì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọjá fi ń rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tẹ̀ ẹ́ láìsinmi. Nígbà tí kò bá tíì kan wá, orí tábìlì ìkàwé ni à ń tẹ̀. Òwe àwọn baba wa ni olùkọ́ wa fi ṣe òfin kìn-ín-ní: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó ní ẹni tí kò bá ní ilé, níbo ni yóò kó ẹ̀ṣọ́ sí? Bí orin bá jẹ́ tuntun, a ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìsí ẹ̀ṣọ́ kankan, títí ara rẹ̀ yóò fi dúró tí ọwọ́ òsì kò sì ní í kọsẹ̀ mọ́. Èyí kò tako ohun tí Bach ṣe fún ọmọ rẹ̀. A ti mọ àmì náà, a sì ń wò ó lójú ìwé. A kàn ń tún ilé ṣe dè é ni.

Lẹ́yìn èyí, a ó kọ ẹ̀ṣọ́ náà jáde ní kíkún sínú ìwé wa, bí àtẹ náà ti kọ́ wa, a ó sì fi ẹnu kọ ọ́ ní dò rè mí. Ohun tí ẹnu kò bá lè kọ, ìka kò lè tẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni a ó tó tẹ̀ ẹ́ lórí píánò, ní jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jọ ẹ̀ṣọ́ rárá: ohùn méjì ní ìlù kan, kí méjèèjì dọ́gba bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn. Bí ọjọ́ díẹ̀ bá kọjá tí wọn kò yẹ̀, a ó sọ ọ́ di ohùn mẹ́rin ní ìlù kan. Ìlù kò yí padà, ohùn ni ó pọ̀ sí i. Bí ọrùn ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí le, a ó dáwọ́ dúró, a ó sì padà sí méjì. Olùkọ́ wa a máa wí pé, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe lé eré. Eré ni yóò wá yín wá." Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà, ó sì dé ọjọ́ kan tí à ń tẹ là sò, là sò, tí a kò gbọ́ là mọ́, tí a kò sì gbọ́ sò mọ́, bí kò ṣe ohùn kan ṣoṣo tí ń dán bí omi lábẹ́ oòrùn.

Nípa ẹjọ́ kejì, ti ọwọ́ tí ó ti mọ ọkọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹlẹgbẹ́ wa kan. Ó ti bá bàbá rẹ̀ ro oko fún ọdún mẹ́rin kí ó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì fọwọ́ kan píánò rí títí ó fi dé àárín wa. Nígbà tí a dé orí ìgbọ̀n, ìka rẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún kọ̀ láti dá rìn. Bí ọ̀kan bá gbéra, èkejì a tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wọ inú rẹ̀, ó sì lọ bá olùkọ́ wa pé òun yóò fi píánò sílẹ̀ fún àwọn tí a ti fi kọ́ láti kékeré. Olùkọ́ wa kò bá a jiyàn. Ó ní kí gbogbo wa na ọwọ́ wa sórí tábìlì, kí a tẹ ìka àárín mọ́ abẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí a sì gbé ìka kẹrin nìkan sókè. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí tirẹ̀ gbéra dáadáa, títí kan ọmọ olùkọ́ ìjọ tí ó ti ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tólẹ̀. "Ẹ rí i," ni olùkọ́ wa wí, "kì í ṣe ọkọ́ ni ó ṣe é. Iṣan tí ń gbé ìka yìí sókè so mọ́ ti àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a dá ọwọ́ ọmọ ènìyàn."

Ó wá yí ìka padà fún un, ó ní kí ó máa fi ìka kejì àti ìkẹta ṣe ìgbọ̀n, tàbí àtàǹpàkò àti ìkẹta níbi tí àyè bá wà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré lóòjọ́. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé oko ni ó ràn án lọ́wọ́ níkẹyìn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé ẹni tí ń fi agbára apá kọ ebè kì í pẹ́ rẹ̀; àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ a gbé ọkọ́ sókè, a sì jẹ́ kí ìwúwo ọkọ́ fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó jẹ́ kí apá òun rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí píánò, ó jẹ́ kí ìka máa bọ́ fúnra wọn. Kí sáà yẹn tó parí, ìgbọ̀n rẹ̀ dọ́gba ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, àwa tí a ti ṣáájú rẹ̀ sì ń lọ jókòó tì í láti wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọmọ Bach mìíràn, Carl Philipp Emanuel, tí ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1753 lórí bí a ti ń tẹ irú ohun-èlò wọ̀nyí, fi ẹ̀ṣọ́ wé èròjà ọbẹ̀ tí ó lè ba oúnjẹ dídára jẹ́ bí ó bá pọ̀jù. Ìyàwó ilé kankan kì í bu ata títí omi ọbẹ̀ yóò fi gbẹ kí ó tó mọ̀ pé ó tó. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá ń tẹ dùùrù fún orin ìyìn ní ilé àdúrà, a kì í fi ẹ̀ṣọ́ kankan sí i. Ìjọ tí ń kọrin ń fi etí wá ojú ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Bí dùùrù bá ń gbọ̀n, wọn kò ní í mọ ibi tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ lé.

Ìdí kejì sì wà, tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Púpọ̀ nínú ohùn orin ìyìn tí à ń kọ ni ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá kí a tó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, ohùn náà a sì máa gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ olórí atẹdùùrù ní Katidírà Krístì ní Èkó láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, tí ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kí ohùn orin wa lè máa bá ohùn ọ̀rọ̀ wa rìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń jà lábẹ́ ohùn àjèjì, tí atẹdùùrù sì tún gbé ìgbọ̀n àti ìyípo lé e lórí, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀jù. Mímọ ìgbà tí a kò ní í lo ẹ̀ṣọ́ jẹ́ apá kan nínú mímọ̀ ọ́n.

A dé orí ẹjọ́ kẹta, tí ó nira jù. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì yóò rí píánò níbi tí a bá rán wa lọ. A kò ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀: ìka tí kò bá ṣiṣẹ́ yóò gbàgbé, ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìgbọ̀n tí a fi oṣù méjì kọ́ kò ní í sí lọ́wọ́ wa mọ́. Àwa pẹ̀lú ti bi ara wa bóyá a kò fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ohun tí ìka bá gbàgbé, ojú àti ọkàn lè rántí rẹ̀. A ti fi ara wa rí i pé ohun tí ó yára jù lọ nínú orin, ohun tí ó jọ idán lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò ju ohun tí ó lọ́ra lọ tí a tò jọ dáadáa.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ kékeré kan yóò dúró níwájú wa, yóò sì ka adìẹ bí ẹni pé kò rí i rí. Ohùn rẹ̀ yóò gbéra níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tí kò bá mọ̀ ju kí ó yára lọ yóò ní olódo ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti là àti sò fún oṣù méjì yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Yóò pín ọ̀rọ̀ náà sí mẹ́ta, yóò mú un kọ ọ́ ní re, dò, re, ní jẹ́jẹ́, kí ó dọ́gba. Yóò fi ìka hàn án ibi tí àmì wà. Yóò sì tún un so pọ̀ díẹ̀ díẹ̀, títí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde lẹ́nu ọmọ náà bí ẹni pé òun ni ó ni ín. Bí ìka ọmọ kan bá sì kọ̀ láti di kálàmù mú, kò ní í wí pé ọwọ́ oko ni. Yóò wá ìka mìíràn fún un.

Ǹjẹ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe gan ohun kékeré nítorí kíkéré rẹ̀, ẹ má sì ṣe tijú láti lọ́ra níbi tí ẹ̀kọ́ bá ti nílò rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ọmọ tí a ó kọ́ yóò rí lára wa ní ọjọ́ kan, ìhín ni a ti gbọ́dọ̀ kó o, nínú yàrá tí ènìyàn kò pọ̀ sí, lórí ohùn méjì péré, ní ìdajì wákàtí tí ó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.